Òwú Pupa Inú Owó Àǹtí Araba

Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 112,
Saltpond.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 1994.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ebo,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ọyẹ́ ti fi yín sílẹ̀ ní Tamale, àbí ètè yín ṣì ń bẹ́? Ilé oògùn rẹ ńkọ́, ṣé ọjà ń tà? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ní òun ò fẹ́ gun àkàsọ̀ mọ́. O ò kọ̀wé sí mi láti ìgbà Kérésì. Mi ò bá ẹ jà o, mo kàn ní kí o mọ̀ pé mò ń ka oṣù.

A ti sin Àǹtí Araba, ẹ̀gbọ́n ọ̀gá mi. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí pósí, mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Ebo, èmi àgbàlagbà yìí.

O mọ ọ̀gá mi, Kobina Esilfie, ṣùgbọ́n bóyá o ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Òkun gbé bàbá wọn lọ nígbà tó ṣì wà ní kíláàsì kẹta. Ẹja tí Àǹtí Araba ń yan, tó ń rù lọ Kumasi, ló fi rán an níléèwé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó di akọ̀wé kékeré lọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di akọ̀wé àgbà nílé iṣẹ́ ìṣúná, kí wọ́n tó wá fi í ṣe gómìnà bánkì àgbà, tí ìfọwọ́sí rẹ̀ wá wà lára gbogbo owó bébà tí à ń ná. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi bá a tẹ̀wé. Kò gba rìbá rí. Bírò ìjọba gan-an, kì í mú un relé. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọ̀gá bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ kọ̀wé gbàyè.

Lọ́dún tí ìjọba pa owó bébà ńláńlá rẹ́, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ná an mọ́, èmi ni mo tẹ ìwé àṣírí rẹ̀ nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n máa kéde. Èèyàn mẹ́rin péré ló mọ̀, a sì ti fi Bíbélì búra. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí Araba gbé kẹ́ńkè àti ẹja díndín wá fún ọ̀gá ní Accra, bí ìṣe rẹ̀. Mo wà ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Ó ní òun ti ń kó owó ọkọ̀ ojú omi jọ, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì, sínú garawa bísíkíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀ nípa owó ńlá wọ̀nyí. Ṣé kí òun gbé e lọ sí bánkì ni?

Ọ̀gá dé àwo oúnjẹ náà padà. Ó wá ní, “Ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà, àǹtí mi.”

Bó bá sọ fún un, kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ọjà ẹja á ti gbọ́. Ó sì ti búra. Nígbà tí ìkéde jáde, ọjọ́ méje ni wọ́n fún ará ìlú láti kó owó wá. Ọjọ́ mẹ́rin ni Àǹtí Araba fi tò lórí ìlà. Kò dárúkọ àbúrò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ku bí èèyàn ogún kó kàn án ni ọjọ́ méje pé, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn bánkì pa.

Kò bá ọ̀gá jà. Kò yéé gbé kẹ́ńkè wá. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà: kò pè é ní Kobina mọ́ títí ó fi kú. “Gómìnà, ẹ jẹun.” Obìnrin tó pọ̀n ọ́n dàgbà ló ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀! Ọ̀gá á jókòó ti oúnjẹ náà, kò ní lè gbé e mì. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò fọwọ́ kan owó bébà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a san owó takisí.

Èmi tí mo tẹ ìwé ńkọ́? Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́, mo wọ lọ́rì lọ bá ìyá wa ní Anomabo. O wà ńbẹ̀, ò ń mu gààrì. O bi mí pé kí ló gbé mi wálé nígbà tí oṣù ò tíì parí, mo ní orí ló ń fọ́ mi. Mo sọ ọ́ sétí ìyá wa pé kó pààrọ̀ owó ńlá ọwọ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Kò béèrè ìdí. Lọ́jọ́rú ó ránṣẹ́ pé ẹnìkan tó láàánú ti bá òun ṣẹ́ ẹ. Owó yẹn la fi rán ẹ lọ kọ́ṣẹ́ oògùn. Mi ò béèrè ẹni tó láàánú ọ̀hún. Mo rò pé mo ti ṣe é gbé, àmọ́ àwọn àgbà ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà.

O rántí bí ìyá wa ṣe máa ń fi òwú pupa rán owó rẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ọwọ́ wa má baà yọ ọ̀kan níbẹ̀? Ṣebí o jẹgba lọ́jọ́ tí o já a.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, olórí ẹbí wọn gbé garawa bísíkíìtì kan jáde. Ó ní Araba fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí wọ́n gbé e ti òun nínú pósí, kí òun lè fi ìfọwọ́sí Gómìnà han bàbá àwọn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Owó ńlá kún inú rẹ̀, orúkọ ọ̀gá sì wà lára gbogbo wọn. Bí ìdajì wọn ni wọ́n fi òwú pupa rán ní mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Ebo, òwú ìyá wa ni; Araba ni ẹni tó láàánú tó bá a ṣẹ́ owó. Nígbà náà ni mo mọ ìdí tí ọkàn obìnrin yẹn ò fi balẹ̀, tó fi wá béèrè lọ́jọ́ Jímọ̀. Iná tí mo ní kí ìyá wa yà fún, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Araba ló kó o sí. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi jọ jókòó lọ́jà. Bóyá ìyá wa ò mọ ohun tó ń ṣe; kò sì sí láyé mọ́ kí n bi í. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé kò mọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n dé pósí tán, ọ̀gá fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ti yọ ìdì kan sápò nínú owó olówùú pupa náà. Ó bi mí bóyá mo sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Mo ní, “Rárá, sà.”

Ó di ọwọ́ mi mú. “Mo mọ̀, Fiifi. Àwa méjèèjì la jọ dákẹ́. Mú èyí dání, kí n má dá ẹrù yìí rù.”

Ìdì náà wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kókó méjì tí ìyá wa máa ń ta sí ìparí òwú ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá bu oúnjẹ, mo ń gbọ́ ọ létí mi: Gómìnà, ẹ jẹun. Mo sì mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Lánàá ni ìyàwó ọ̀gá ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ara ọ̀gá ò yá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì kù lẹ́nu rẹ̀: ta ló ń fi òwú pupa rán owó? Ó ti bi pásítọ̀, ó ti bi dókítà. Ó gbà pé aláìṣẹ̀ kan ló fi owó tirẹ̀ pa mọ́ sọ́wọ́ Araba, tí òun tún ba tìyẹn jẹ́ mọ́ ti Araba. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ onítọ̀hún kí òun tó kú.

Má kọ̀wé pé kí n má lọ. Kí lẹ́tà rẹ tó dé, á ti pẹ́ jù. Ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la ni mo máa wọ̀. Mo máa gbé ìdì náà lé e lọ́wọ́, mo máa ní, “Ìyá mi ni, sà. Èmi ni mo sọ fún un.” Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù ú ni kó fi mí ṣe.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí o bá ka lẹ́tà yìí, bí o bá ṣí ilé oògùn rẹ, kí o tó ta ohunkóhun, dárúkọ Àǹtí Araba. Òun ló rán ẹ níléèwé, bíi ti Kobina.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́ mi,
Fiifi.