Ohùn Ọmọ Wa Ni Mo Fi Tan Bàbá Rẹ̀

Ẹ má tíì bú mi o, ẹ kà á tán ná. Admin, ẹ dákun, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, agbègbè Ọ̀sì níbí ni mo wà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀ lórí péèjì yìí. Ọmọ kan ṣoṣo tí èmi àti ọkọ mi bí ti kú... mo ti sọ ọ́. Àbíjàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà iṣu titun ni ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé pè mí pé àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ni, pé wọ́n ti sin ín síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ mi ti ọsibítù dé, dókítà ní BP rẹ̀ ò gba ìròyìn burúkú. Mo ní kí ara rẹ̀ le díẹ̀ kí n tó pe àwọn àgbà ẹbí wá túfọ̀ fún un. N ò pe ẹnì kankan títí dòní.

Ojoojúmọ́ ló ń bi mí, ṣé ọmọ pè? Lọ́jọ́ kan ó sú mi, mo bá wá voice note kan tí ọmọ fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, èyí tí bàbá rẹ̀ ò gbọ́ rí, mo tẹ̀ ẹ́ sí i létí bíi pé àárọ̀ yẹn ló wọlé. Ohùn ọmọ ní, "Màmí, mò ń bọ̀ wá ṣe Kérésì o, ẹ ṣe àyè sílẹ̀ dè mí n'ulé." Yéè! Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn... Ọkọ mi tí kò tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún mẹ́fà torí ìjà òun àti ìgbìmọ̀, ló wọ aṣọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú mi jáde! Ó kó àwọn àpò kòkó kúrò nínú yàrá ọmọ, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó ra bẹ́ẹ̀dì. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Advent, alùfáà wàásù pé kí á ṣe àyè sílẹ̀ fún Olúwa tó ń bọ̀, ọkọ mi bọ́ síwájú, ó ní bí òun ṣe ń palẹ̀ yàrá ọmọ òun mọ́ ni òun ń palẹ̀ ọkàn òun mọ́. Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà, èmi náà pariwo. Ṣé Ọlọ́run ń gbọ́ irú Halelúyà bẹ́ẹ̀? Tí mo bá sọ òtítọ́ ńkọ́, ṣé kì í ṣe èmi ni mo máa lé Ọlọ́run jáde nínú ilé wa?

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, á ní kí n tẹ ohùn ọmọ òun. Tí ohùn yẹn bá ti ní mò ń bọ̀, gbogbo irun ara mi a dìde. Ẹ̀rù yàrá yẹn ń bà mí, n kì í gba iwájú rẹ̀ kọjá mọ́.

Àná, mo ti mú fóònù kó tó bèèrè. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Jẹ́ kó sinmi." Ó lọ ṣí fèrèsé yàrá ọmọ bó ṣe máa ń ṣe. Fóònù ló ní kó sinmi ni... àbí ọmọ? Ṣé ẹnì kan ti sọ fún un ni? Ṣé òun náà ń fi pamọ́ fún mi ni? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí n pe àwọn àgbà ni, àbí kí n wọlé lọ bá a nínú yàrá náà, kí n sọ ọ́ fúnra mi? Kérésì ti dé tán. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ni kí n sọ pé ó ń bọ̀ wá sùn síbẹ̀?