Ohun Tí Mo Kọ Sára Igbá Wàrà Ìyá

Ẹ̀gbọ́n mi Japheth,

Mo kí yín ní Jẹ́bà, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Bàbá ti san, wọ́n ti ń dá gun Òkè Mápó.

Ọ̀rọ̀ Ìyá ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Wolé-wolé ní kí gbogbo oníwàrà Ọjà'ba kọ ohun tó wà nínú igbá sára ẹ̀. Àwọn yòókù kọ "Wàrà gidi." Ìyá ní, "Mi ò lè fi igbá purọ́." Mo bá fi ẹfun kọ "Wàrà pẹ̀lú omi díẹ̀."

Wolé-wolé bá omi nínú gbogbo ẹ̀. Ó da tàwọn yòókù nù, ó yin Ìyá, ọjà Ìyá sì tán wàràwàrà.

Olúwa á máa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí Ìyá o: láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n pa "díẹ̀" rẹ́.

Àbúrò yín,
Evelyn