Aṣọ Funfun Tí O Bá Lọ́rùn Mi

Ìjẹ̀dé, Ìkòròdú,
14 Oṣù Kẹta, 2006.

Bùnmi ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní Ẹ̀pẹ́ nínú àlàáfíà. Ara tèmi le. Ilé ló dá jù.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí o bá mi nínú aṣọ funfun, tí o sì yí padà láì mu omi, o kò gbé fóònù mi mọ́. Làtífù tó ń gbé yàrá iwájú, tí mo fi lẹ́tà yìí rán, ló sọ fún mi ohun tí o wí nígbà tí o ń jáde: "Ìyá mi ò tíì pé ogójì ọjọ́, bàbá mi ti ń múra bí ọkọ ìyàwó." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Ká ní èmi ni mo kú, wọn ì bá ti fún ìyá rẹ ní aṣọ dúdú. Ará àdúgbò á rí i, wọ́n á máa rọra bá a sọ̀rọ̀. Ta ní í fún ọkùnrin ní aṣọ opó? Nígbà tí a ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ tán, mo padà síbi iṣẹ́ nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù mi, wọ́n sì ń bá mi ṣàwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Tí mo bá délé, búútà aláwọ̀ ewé tí Ṣẹ̀rífátù ìyá rẹ fi ń ṣe àlùwàlá ni mo máa kọ́kọ́ rí. Mi ò lè lò ó, mi ò sì lè gbé e kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí o wá, ọ̀gá wa kan, ará Íńdíà, wọ funfun láti òkè délẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un, tí mo bi í pé ìyàwó wo ló fẹ́ gbé. Ó ní ìyá òun ló kú, pé funfun ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ nílùú àwọn. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n mo jowú rẹ̀, ọmọ mi, nítorí ó ní àwọ̀ kan tó ń bá a sọ ọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ni èmi náà bá wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun mi lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Gbogbo wọn ń pè mí ní ọkọ ìyàwó. Ọ̀gá ará Íńdíà yẹn nìkan ló wá jókòó tì mí nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Mo sunkún. Aṣọ yẹn ló ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí o wọlé.

Má bínú pé mi ò tètè sọ. Mi ò mọ bí bàbá ṣe ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ò lè dá wà.

Ọlọ́run á dá ọ sí, á dá àwọn ọmọ rẹ sí fún ọ. Kí Ó fi ọgbà ìdẹ̀ra ṣe ilé fún ìyá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùsàrí Mojúbàolú.

Àfikún: Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni àdúrà ogójì. Wọ àwọ̀ tó bá wù ọ́ wá. Ṣáà má jẹ́ kí èmi nìkan jókòó.