Ọkọ Mi Tí Ẹlòmíràn Ń Pè Ní Ẹrú: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Evaristo Kapembwa Chisulo (1961–2021)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1961 ni a bí Olóògbé Evaristo Kapembwa Chisulo, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Nkandu, ní abúlé Kasomalunga ní àgbègbè Luwingu. Ìran ìyá ni àwa Bemba ń kà, nítorí náà Bena Mbulo, ìran onírin, ni wọ́n, nípasẹ̀ ìyá wọn, Màmá Emeliya Kaoma. Apẹja ni bàbá wọn, Pọ́ọ̀lù Chisulo. Ìdílé ló ni ìwé yìí, ṣùgbọ́n ìyàwó wọn ló ń kọ ọ́. Níbi tí owú bá ti yọjú nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì í. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà, ó sì ti tó ọdún márùndínlógójì tí èmi náà kò ti ní.

Ilé-ìwé àwọn Fádà ni wọ́n lọ ní kékeré. Ní ọdún 1978 wọ́n tọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn wá sí ìlú Kitwe, wọ́n sì fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986 ni wọ́n gbé Felistus Kaluba níyàwó. Àwọn ìyá àgbà tó kọ́ ìyàwó lẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú ìgbéyàwó kìlọ̀ fún un nípa obìnrin àdúgbò, obìnrin ilé ọtí àti obìnrin inú ìjọ pàápàá. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un nípa ṣọ́ọ̀bù.

Ọdún 1990 ni wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Zakeyo Shawa, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ tó jóná palẹ̀, tí wọ́n sì ń wé wáyà bàbà tuntun sí i nínú. Ènìyàn rere ni bàbá yẹn. Nígbà tí ó ń kú lọ ní ọdún 1996, ó di ọwọ́ ọkọ mi mú, ó ní, “Evaristo, má jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù yìí kú o.” Ìyàwó rẹ̀, Tisiyenji, ló jogún ibẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní “wọ́n” nínú ìwé tí mo fi ń sin ọkọ mi.

Ọmọ ẹ̀yà Ngoni ni Màdáámú Shawa. Ẹ mọ bí ó ṣe wà láàárín àwọn Ngoni àti àwa Bemba láti ìgbà tí ogun àwọn baba wa ti parí: wọ́n ní a ń jẹ ọ̀bọ, a ní wọ́n ń jẹ eku, oníkálukú ní ẹrú òun ni ẹnì kejì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú, ì báà ṣe létí ibojì. Àṣà tó dùn ni. Abẹ́ àṣà yìí ni obìnrin náà fara pamọ́ sí.

Bí ọkọ mi bá ní àwọn fẹ́ sinmi lọ́jọ́ Àìkú, obìnrin náà á ní, “Ta ló gbọ́ pé ẹrú ń sinmi?” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì lọ síbi iṣẹ́. Ní ọdún 2003, ààrò tí wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ gbẹ jó wọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Obìnrin náà gbé adìẹ kan wá sílé wa dípò kó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ó wo ọwọ́ náà, ó ní, “Áà, ọ̀bọ mi! Báwo lo ṣe máa gun igi báyìí?” Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú ilé ìdáná ni mo wà, mò ń fa ìyẹ́ adìẹ yẹn tu bíi pé irun orí obìnrin náà ni.

Ó tún ń fi oúnjẹ fà wọ́n. Lọ́sàn-án, ńṣímà rẹ̀, òkèlè àgbàdo, ni wọ́n ń jẹ, pẹ̀lú ewébẹ̀ ẹlẹ́pà. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á fọwọ́ kan tèmi, wọ́n á ní ikùn àwọn ti kún. Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, ẹ dá mi lóhùn: èwo ló tún kù tí n kò fi ní jowú?

Èyí tó burú jù ni ti orúkọ. Gbogbo ẹ̀rọ tí ọkọ mi tún ṣe ló ń bá òǹtẹ̀ Zakeyo Shawa jáde, ọkùnrin tó ti wà nínú ilẹ̀. Kí wọ́n tó lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ tiwọn, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé lóòótọ́ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tọrọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ní, “Ẹrú ń kọ̀wé fẹ́ sá lọ ni?”

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 2009, mo pè wọ́n jókòó.

“Bàbá Nkandu, ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀.”

“Ìyá Nkandu, láìsí lẹ́tà, ọdún mọ́kàndínlógún yẹn ti wọgbó nìyẹn. Bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni wọ́n á ṣe wò mí.”

“Ẹ ò bá jẹ́ kó wọgbó!”

“Mo ṣèlérí fún òkú.”

“Èmi tí mo wà láàyè ńkọ́? Èmi lẹ fẹ́ ni, àbí òun?”

“Ìwọ ni mo fẹ́,” ni wọ́n wí, “ṣùgbọ́n òun ló nílò mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ.

Oṣù keje ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n Màdáámú Shawa kú. Àwa Bemba lọ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà, láti lọ fi òkú Ngoni ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n ṣe gbé pósí sínú ọkọ̀ ni ọkọ mi nà gbalaja síwájú táyà.

“Òkú Ngoni kì í kọjá lọ́wọ́ Bemba láìsan owó ibodè!”

Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ju owó kwacha lù wọ́n. Wọn kò mú ọ̀kankan.

“Kí lo wá fẹ́, ajẹ-ọ̀bọ?” Màdáámú ló ń bèèrè, tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Lẹ́tà mi.”

Ẹ̀rín rẹ̀ gé. “Dìde níbẹ̀, ẹrú.”

“Ẹrú ò dìde. Ìwé òmìnira ni ẹrú ń gbà lónìí.”

Àgbà Ngoni kan na ọ̀pá rẹ̀ sí i: “Tisiyenji, àṣà ni. Òkú ò gbọdọ̀ jókòó sínú oòrùn. Fún un.” Ẹnì kan ya ojú ìwé kan nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé, Màdáámú sì kọ ọ́ lórí ọkọ̀ òkú náà. Mo súnmọ́ ọn kí n lè rí i dáadáa. Bí ó ti ń na ìwé sí wọn, ó rọra sọ pé, “O mọ̀ pé èmi nìkan ni ṣọ́ọ̀bù yẹn kù sí lọ́wọ́ báyìí.” Ọkọ mi sunkún délé. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹkún yẹn ni mò ń jowú.

Ní ọdún 2010 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní àdúgbò Chimwemwe, pẹ̀lú orúkọ Chisulo gàdàgbà lára ògiri. Wọ́n kọ́ ènìyàn méje níṣẹ́, obìnrin méjì wà nínú wọn, wọ́n sì fún gbogbo wọn ní lẹ́tà. Wọ́n ń kọrin ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Kátólíìkì wa. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fa iná sí yàrá ìgbẹ̀bí àdúgbò. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jẹ ńṣímà mi lọ́sàn-án, kí àìsàn kíndìnrín tó mú wọn lọ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 2021.

Lánàá ni Màdáámú Shawa dé ilé òkú. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n dì í mú wọlé ni. Gbogbo Bemba ń retí àwàdà: kó ní kí a gbé ẹrú òun fún òun, kó ní ọ̀bọ já bọ́ lórí igi. Èmi náà ti ní èsì lẹ́nu. Ó jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin, kò sì sọ ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo. Ngoni dé ilé òkú Bemba, kò rí yẹ̀yẹ́ ṣe! Ó kàn ń sunkún, bí ẹni tí òkú kú fún. Ká ní ó bú wa ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa kórìíra rẹ̀ lọ.

Àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ sáyé lọ ni: ìyàwó wọn, Felistus, àwọn ọmọ wọn, Nkandu, Kasuba, Emeliya àti Lengwe, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti àbúrò obìnrin kan, Sabina. A kò kọ orúkọ Màdáámú Shawa mọ́ wọn, nítorí kò bí olóògbé, olóògbé kò sì fẹ́ ẹ níyàwó. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń tọ́jú èrò fún un ní àga níwájú, níbi tí á ti rí pósí dáadáa. Kí wọ́n má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Ẹ sùn re o, Bàbá Nkandu, ọmọ Bena Mbulo. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lára, kí Olúwa tan ìmọ́lẹ̀ sí yín lójú ọ̀nà.