Ebi Tó Padà Dé

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá, 2024

Mo gun Adájọ́ láàárọ̀. (Òṣùwọ̀n inú yàrá mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.) Ó tún ti lé sí i. Ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gé ikùn mi kéré ní Àbújá, kí n lè fọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ìtọ̀ ṣúgà ti mú mi, mi ò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa láìjókòó sinmi. Láti ìgbà náà, ṣíbí díẹ̀, mo ti yó. Mo ti gbàgbé bí ebi ṣe ń pa ènìyàn. Oṣù tó kọjá ló padà dé — ebi burúkú. Lánàá mo jẹ ìrẹsì títí mo fi bì, mo nu ẹnu, mo tún padà sídìí ìkòkò. Wọ̀bìà. Orúkọ mi tuntun nìyẹn.

Ọjọ́rú, 6

Mo tún sùn ní kíláàsì. Itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Ẹnìkan ya fọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mai suya, Hausa tó ń sun ẹran tà ní Àpáta, rí mi lókèèrè. "Kin yi ƙiba fa! Kin yi kyau!" Mo ti sanra, ó sì bá mi mu — ó rò pé òun ń yìn mí ni. Ó fi ènì lé ẹran tí mo rà. Mo ti jẹ ẹ́ tán kí n tó délé. Kí Ọlọ́run dárí jì í, èmi ò ní í dárí jì í.

Ọjọ́bọ̀, 14

Ọ̀dọ̀ Dókítà Theresa tó ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà mi. Ṣúgà ti ń gòkè. "Ki gaya min gaskiya. Me kike ci?" Wọ́n ní kí n sọ òótọ́, kí ni mò ń jẹ? Mo ní ohun tí ẹ ní kí n máa jẹ náà ni mò ń jẹ. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n wò mí bí olè. Wọ́n ní bó bá ń lọ báyìí, ohun tó pa bàbá mi ló máa pa mí. (Ẹsẹ̀ Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ gé.) Màámi jókòó tì mí, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n má sunkún, pé tá a bá délé àwọn máa po ọ̀gì fún mi. Ọ̀gì lásán, kò ní ṣúgà. Òun nìkan ni ikùn mi kì í bá jà.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Ọ̀gì Màámi nìkan ni mo fẹnu kàn látàná. Adájọ́ ò tiẹ̀ kà á sí, ó tún lé sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Mi ò ní kọ "wọ́n" fún ìyá mi lónìí.

Ọyẹ́ mú, mo lọ gbé omi ìwẹ̀ kaná. Ó wà ní kíṣìnnì, ó ń fi ìdí ìgò lọ hóró oògùn funfun lórí àwo. Ó dà á sínú ife ọ̀gì mi. Ó rò ó. Ó gbé e, ó yíjú, ó rí mi. "Àbẹ̀kẹ́ mi, o ti jí?"

Mo já káàdì oògùn náà gbà. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Términọ́ọ̀sì fún àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ ní ìdí ńlá ni. Á mú ọ jẹun, á mú ọ sùn.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ṣé mo rántí Ìkórè ọdún tó kọjá. Ìyá Motún, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń pariwo lójú gbogbo ìjọ pé, "Ọmọ yìí mà rù o! Ìyàwó, ṣé o kì í fún un lóúnjẹ ni?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn òun rí. Òun kàn fẹ́ kí wọ́n kí òun pé "o kú ìtọ́jú", bí wọ́n ṣe ń kí gbogbo ìyá ọmọ.

Mo ní ẹsẹ̀ Bàbá tí wọ́n gé ńkọ́? Ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ní bí mo bá kú, kó pe Ìyá Motún kó wá fi òṣùwọ̀n wọn òkú mi, kó sì kí i kú ìtọ́jú. Ó kúnlẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún mi, ó fi Bíbélì búra pé òun ò ní ṣe é mọ́, ó sì gba káàdì náà, ó jù ú sí ṣáláńgá lójú mi. Mi ò ní kó dìde.

Ọjọ́ Ajé, 25

Èmi ni mò ń po ọ̀gì mi báyìí, ọbẹ̀ nìkan ni Màámi ń sè fún mi. Ebi ò lọ. Oorun ò lọ. Adájọ́ ò sọ̀kalẹ̀. A jẹ́ pé wọ̀bìà tèmi náà ni. Mo ti fi ọ̀rọ̀ gún Màámi lásán, wọn kì í jẹun dáadáa mọ́. Ojú ń tì mí láti bẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Ọ̀la ni Ìkórè. Ìyá Motún dé lọ́sàn-án. Wọ́n rí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Háà! Àbẹ̀kẹ́ ti sanra! Ìyàwó, o kú ìtọ́jú o!"

Màámi kúnlẹ̀ kí wọn, ojú wọn ń dán. Látìgbà tí Bàbá ti kú mi ò rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀. Inú bí mi. Mo sọ ọ́ níbẹ̀: "Oògùn ni, Ìyá. Màámi ló ń lọ̀ ọ́ sínú ọ̀gì mi, wọn ò sọ fún mi. Ṣúgà mi ti ń gòkè. Ohun tó pa àbúrò yín ló ń bọ̀ lára mi yìí."

Mo dúró de ariwo.

Ìyá Motún fa àga wọn sún mọ́ Màámi. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Oògùn wo nìyẹn? Motún mi ti rù kan eegun. Kò sí ọkùnrin tó ń wò ó."

Màámi ò wojú mi. Wọ́n tú ìṣẹ́tí ìró wọn, wọ́n mú káàdì kan jáde. Tuntun ni. Ìdajì hóró inú rẹ̀ ti lọ.