Rùkáyátù Ka Ìtàn Oko Kòkó

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Inú ń bí mi, èmi fúnra mi ni mo sì ń bínú sí.

Láàárọ̀, mò ń dán àwọn ọmọ kíláàsì mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìwé kíkà. Nígbà tó kan Rùkáyátù, ọmọ ìyá tó ń ta obì ní Ìbídò, mo ṣèèṣì fún un ní bébà kíláàsì karùn-ún, ìtàn ewúrẹ́. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn oko kòkó lọ geere. Kò sí oko kòkó kankan nínú bébà yẹn! Ìtàn oko kòkó la fi ń dán wọn wò ní gbogbo táàmù. Ó ti há a sórí.

Mo sáré lọ bá ọ̀gá wa. Wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ má da ọ̀rọ̀ rú. Máàkì ẹ̀ ti dé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́."

Máàkì tí èmi fún un ní táàmù tó kọjá. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Òun ni mo tìtorí ẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ọ̀sán tí à ń ṣe fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, ó ní òun ṣì fẹ́ máa wá.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ tó o ti mọ̀wé?"