Irọ́ Tí Mo Pa fún Nọ́ọ̀sì

Òkè Baálẹ̀,
Òṣogbo.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Fáìzàh, Àpìkẹ́ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé. Bólúwadúró ọkọ rẹ ńkọ́? Mo gbàgbọ́ pé ara yín le ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ara tèmi náà ò burú, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé o tún ti fẹ́ra kù, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbé fóònù láti bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ti gbọ́ "Ẹ káàsán mà," ojo á mú mi, màá wá máa bi ọ́ nípa òjò.

O rántí ọjọ́ tí a jọ lọ forúkọ oyún àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ní àtọ̀gbẹ?" Kí o tó la ẹnu, mo ti ní, "Rárá o, a ò ní irú ẹ̀ nílé wa." Irọ́ ni mo pa. Nígbà tí mo lóyún Rùkáyà àbúrò rẹ ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó lọ lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n ó ti padà dé láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Oògùn tí mo ń pè ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ ni. Ẹ̀rù ló bà mí, kí wọ́n má baà sọ pé àrùn ń bẹ nílé wa, kí Rùkáyà má baà wá ọkọ tì.

Èsì mi ni wọ́n kọ sínú káàdì rẹ, wọn ò sì yẹ ṣúgà rẹ wò. Nígbà tí oyún pé oṣù méje, tí o wá kí mi, o ń mu omi bí ẹni tó ti oko dé, o sì ń lọ tọ̀ ṣáá. Mo mọ òùngbẹ yẹn. Mo ní ooru ni.

Ọmọ náà ju kílò márùn-ún lọ. Èjìká rẹ̀ há. Kó tó bọ́, ẹ̀mí ti lọ. Àwọn tó wá kí wa ní ayé ló ṣe é, mo ń ṣe àmín sí àdúrà wọn. Ìwọ sunkún sí mi láyà, o ní bóyá ọ̀kadà tí o ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ló fà á. Mo ń fọwọ́ pa ọ́ lẹ́yìn, mi ò sọ nǹkan kan. Kì í ṣe ọ̀kadà, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ rárá.

Jọ̀wọ́, má dúró dìgbà tí ikùn bá yọ. Lọ́jọ́ Àtìní, lọ sọ fún wọn nílé ìwòsàn pé ìyá rẹ ní àtọ̀gbẹ, àti pé ọmọ àkọ́kọ́ tóbi. Dókítà mi ní ẹni tó bá tètè mọ̀ lè bímọ láyọ̀: yóò máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ, yóò máa rìn díẹ̀, yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ìka wò. Bí wọ́n bá ní kí o gba abẹ́rẹ́ ìnsúlínì, gbà á. Kì í pa ọmọ lára. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ lágbo dípò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ èmi.

Fún Bólúwadúró ní lẹ́tà yìí kà. Bí ẹ bá bínú sí mi, ẹ jàre. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí n wá wẹ ọmọ, màá jókòó sílé mi. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìbínú yẹn dí ọ lọ́wọ́ àtilọ.

Ọlọ́hun yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ tipẹ́,
Ràṣídátù.

Àfikún: Mo sọ fún Rùkáyà náà láàárọ̀ yìí, torí ọ̀rọ̀ náà kàn án. Ó gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi, ó gbé e kalẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ. Kò tí ì jáde.